Wọ́n gba Bóxà mi ní Bẹ́gà: kí ni òfin sọ gan-an fún àwa tó ń gun ọ̀kadà wọ Èkó?

Ọmọ Àkúté

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ òfin ọ̀kadà dáadáa ni mò ń wá, kì í ṣe ẹni tó máa bú mi. Ìyàwó mi ti bú mi tó.

Àkúté ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìyàwó mi ń se mọ́ínmọ́ín eléwé, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà ló sì ń rà á jù. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe dísípáàṣì là ń kó ẹrù fún, àmọ́ owó tó ń gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè wa tán. Ni mo bá ní kí n kúkú ra ọ̀kadà tèmi. Mo rí Bóxà 100 kan rà lọ́wọ́ aládùúgbò, kò tíì gbó rárá. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní Alágbọ́lẹ̀, ó bá mi jó irin sẹ́yìn rẹ̀, mo de kúlà mọ́ irin náà. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì tó ń kọ mọ̀nà. Mo kọ nọ́ńbà fóònù ìyàwó mi gàdàgbà sára kúlà. Tí ẹ bá pàdé mi lọ́nà, ẹ ó ní dísípáàṣì gidi lèyí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dá mi dúró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, mọ́ínmọ́ín ogójì ló wà nínú kúlà. Mo ti gba Òjòdú Abíọ́dún já sí Bẹ́gà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yà lábẹ́ afárá. Àfi bí ọkùnrin mẹ́rin ṣe yọ láti ẹ̀yìn dáńfó kan. Ọ̀kan ti fa kọ́kọ́rọ́ yọ kí n tó kí i pé ẹ káàárọ̀. Mo ní mi ò gbé èrò o, oúnjẹ ni mo gbé. Ẹni tó jọ ọ̀gá wọn tẹ̀ ba, ó wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó nàró, ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá, ṣé èyí náà ni dísípáàṣì?" Wọ́n gbé e jù sínú ọkọ̀ akẹ́rù tòun ti kúlà. Ìwé pélébé kan ni wọ́n já fún mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà dé Alágbọ́lẹ̀, tèmi ti jákẹ́ẹ̀tì tó ń kọ mọ̀nà.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń bi èèyàn ni èsì ń yàtọ̀. Ẹnì kan ní tí àpótí bá ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà, òfin ò kàn án. Ẹlòmíì ní nọ́ńbà Ògùn tí mo lò ló fà á. Àbúrò mi ní láísẹ́ńsì mọ́tò tí mo ní ti tó, kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn mí. Èwo ni ká gbà nínú gbogbo ẹ̀? Ṣé mo lè rí ọ̀kadà yẹn gbà? Tí mo bá sì rí i gbà, ibo gan-an ni mo lè gùn ún dé?

Bàbá Mẹkáníìkì Ìjú

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mọ́ínmọ́ín ogójì! Ọlọ́run á fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dípò.

Ọdún 1994 ni mo gun ọ̀kadà àkọ́kọ́ mi, Suzuki ni. Nígbà yẹn, ẹni tó bá pè é ní ọ̀kadà ṣì ń rántí bàálù Okada Air tí orúkọ ọ̀hún ti wá. Mo gùn ún títí di ọdún 2012 tí ìjọba Èkó gbé òfin ìrìnnà jáde, tí wọ́n ní ká kúrò lójú ọ̀nà 475. Mo wò ó, mo rí i pé ilẹ̀ ń ṣú, mo bá jókòó ti sípánà. Ìjú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi ló sì tú u palẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ibi tí o dúró sí, torí òun ni ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. O kúrò ní Àkúté, o dé Alágbọ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn lo ṣì wà. Bí táyà iwájú rẹ bá ti kọjá sí Òjòdú Bẹ́gà, o ti wọ Èkó nìyẹn, kì í sì í ṣe Èkó lásán. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà ni LCDA Òjòdú, ìyẹn ìjọba agbègbè kékeré, wà, Ìkẹjà sì wà lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí Gómìnà Sanwó-Olú ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 2022. Àwọn márùn-ún yòókù ni Etí-Ọ̀sà, Súrùlérè, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi mẹ́rin lé e: Kòṣòfẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú, Muṣin. Ó di mẹ́wàá.

Wàyí o, fọkàn wo Bẹ́gà. Apá kan Ìkẹjà ni. Apá kejì, lọ́wọ́ Ìṣẹrì àti Magodò, Kòṣòfẹ́ ni. Kò síbi tó o fẹ́ yà sí lábẹ́ afárá yẹn tí kì í ṣe ilẹ̀ èèwọ̀. Àwọn tó ń mú èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró síbẹ̀ bí ẹni dẹ ìgèrè sẹ́nu odò. Nọ́ńbà Ògùn kọ́ ló fà á. Tí nọ́ńbà Èkó ló wà lára rẹ̀, wọ́n á gbé e náà ni.

Ìjọba ìbílẹ̀ tí kò sí lára mẹ́wàá yẹn ńkọ́? Ifákọ̀-Ìjàyè tí mo wà yìí, Agége, Alímọ́ṣọ́, ọ̀kadà ń rìn láàárín àdúgbò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ àti orí afárá, ẹ má débẹ̀. Tó o bá gba Ajùwọ̀n já sí Ìjú, tó ò ń yí nínú àdúgbò títí dé Fágbà, kò síjà. Tó o bá wá rí i pé ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta já gaara lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó o ní kó o fi i sáré díẹ̀, ọwọ́ ara rẹ lo fi fà á. Ẹni tó bá sì gba wọ́n-wéè, àánú rẹ̀ kì í ṣe mí, torí wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀ títí láé, ibi yòówù kó ti gbà á.

Ó ku ẹ́ńjìnnì. Ọmọ mi, àpótí kì í sọ ọ̀kadà di dísípáàṣì. Èyí tí ìjọba yọ sílẹ̀ ni ọ̀kadà tó tó cc 200 sókè (cc ni wọ́n fi ń wọn bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), tó ń gbé ẹrù, tí kò gbé èrò. Méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Bóxà tìrẹ tí wọ́n kọ 100 sí lára, tá a bá wọn inú rẹ̀, cc 99 àti díẹ̀ ni. Kódà èyí tí wọ́n ń pè ní 150, kò pé 150, 144 lé díẹ̀ ni. Ní ọdún 2022, bí wọ́n ṣe ń gbé Bóxà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, pé kí n bá àwọn lẹ 200 mọ́ táńkì. Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ mú sítíkà tirẹ̀ dání, ó ti kó o sínú ọ̀rá kó má baà ṣẹ́. Mo ní, "Àbúrò, sítíkà kì í fi kún ẹ́ńjìnnì." Inú bí i, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọ̀sẹ̀ kejì ó tún padà wá, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò kì í wo táńkì. Ó máa tẹ̀ ba ni, kó wo ibi tí sílíńdà jókòó sí. Ti Bóxà kéré, ó dà bí agolo mílíìkì. Ti 200 sanra, ó sì ga, orúnkún rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án tó o bá jókòó. Lẹ́yìn náà, ó máa yí ọwọ́ ọ̀kadà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó nu iyẹ̀pẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀, kó ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, kó wá fi wé ti inú pépà. Ohun tí ọ̀gá yẹn tẹ̀ ba wò nìyẹn kó tó gbójú sókè wò ọ́.

Láísẹ́ńsì mọ́tò? Rárá. Class A ni ti ọ̀kadà, class B ni ti mọ́tò kékeré. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára káàdì náà gan-an, mú tìrẹ jáde kó o wò ó. Nínú ìwé àwọn Road Safety, ₦10,000 ni ìtanràn láísẹ́ńsì. Ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ₦2,000, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ dé e.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbi hẹ́límẹ́ẹ̀tì yìí. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá dé e. Ó wọ́n, a ò sì tíì san owó ọ̀kadà tán. Mo fojú mi rí ọkùnrin kan ní Ìyànà Ìpájà tó la igbá sí méjì, ó kun ìlàjì kan ní dúdú, ó fi okùn bàtà so ó mọ́ àgbọ̀n. Ẹlòmíì dé korobá ọ̀dà. Òṣìṣẹ́ kan fi ọ̀pá kan tẹni àkọ́kọ́ yẹn lórí, kó! Igbá dún bí igbá. Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn èrò ní tiwọn, wọn ò fẹ́ kó kàn wọ́n lórí, wọ́n ní wọ́n ti fi oògùn sínú rẹ̀, pé ẹni tó bá dé e á pòórá. Àwọn obìnrin á ká ìborùn mọ́rí kí wọ́n tó gbé e lé e. A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ẹnì kan wà tá a jọ ń jókòó ní páàkì kan náà, igbá ló dé lọ́jọ́ tó ṣubú. Mi ò rí i pé ẹnikẹ́ni fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Nípa bó o ṣe máa gbà á, mẹkáníìkì ni mí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kàwé òfin dá a lóhùn.

Kúkúrú Bíńtín

Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ fẹ́ràn ìtàn. Kó wá ẹnì kan níbẹ̀, kó fún un ní nǹkan, kó gba ọ̀kadà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Bàbá Mẹkáníìkì Ìjú

O fún un lónìí, lọ́la ńkọ́? Abẹ́ afárá kan náà lo ṣì máa gbà. Mo mọ ẹnì kan tó san irú owó yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù méjì. Tó bá kó o jọ ni, ì bá ti tó ìdajì ọ̀kadà tí òfin gbà láyè. Má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Abẹ́ Igi Òfin

Ẹ kú ìjókòó o. Agbẹjọ́rò ni mí, kóòtù alágbèéká ni mo ti ń pàdé irú ẹjọ́ yìí jù. Ọ̀rọ̀ Bàbá Mẹkáníìkì gún régé, mi ò ní tún un sọ. Mo kàn fẹ́ tẹ́ òfin sábẹ́ rẹ̀.

Òfin tí ìjọba Èkó dì mú ni Òfin Àtúnṣe Ètò Ìrìnnà ọdún 2018, abala 46. Òun ni gómìnà tọ́ka sí ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2022. Ẹ ó rántí pé oṣù yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn ní Lẹ́kkí, torí awuyewuye ₦100 pẹ̀lú ọlọ́kadà. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn ṣá. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lé ọ̀kadà kúrò ní àwọn agbègbè kan. Àwọn bíi Gokada, tá a máa ń fi fóònù pe ọ̀kadà wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n yí padà sí ẹrù gbígbé.

Ohun tí ìjọba kéde ní 2022 le: wọ́n á mú ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn, wọ́n jọ máa jẹ́jọ́ ni, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́ta, wọ́n á sì fọ́ ọ̀kadà náà túútúú ní gbangba. Wọ́n sì ti fọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ lóòótọ́, ẹ ti rí àwòrán rẹ̀.

Ẹ̀yin Ọmọ Àkúté, ìwé pélébé tí wọ́n já fún yín yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ wo ọjọ́ àti ibi tí wọ́n kọ sí i, kí ẹ sì dé kóòtù kí adájọ́ tó dé. Ẹni tí kò bá yọjú ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ fún ẹlẹ́jọ́ nìyẹn. Ẹ sọ pé ọwọ́ aládùúgbò lẹ ti rà á. Ṣé ẹ ti yí pépà rẹ̀ sí orúkọ yín? Mo fura pé ẹ ò tíì yí i. Nínú ìwé, ọ̀kadà aládùúgbò yín ni wọ́n gbà. Ẹ mú rìsíìtì dání, tó bá sì ṣeé ṣe, ẹ mú òun náà dání.

Ohun tí mo máa ń rí tó ń dùn mí nìyí. Wọ́n á ka ẹ̀sùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wéréwéré. Ọkùnrin náà á mi orí torí ó rò pé orúkọ òun ni wọ́n ń bi òun. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà pé òun jẹ̀bi. Òfin ilẹ̀ wa, ìyẹn ìwé òfin ọdún 1999, abala 36, sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n fi kàn ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Yorùbá lẹ gbọ́? Ẹ sọ pé Yorùbá lẹ fẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, adájọ́ tó máa gbọ́ ọ náà, Yorùbá ló ń sọ nílé. Bí wọ́n bá sì tì yín mọ́lé, abala 35 ní kí wọ́n gbé yín dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Ní Èkó, ibo ni kóòtù ò sí láàárín kìlómítà 40? Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò, kó lọ sí Office of the Public Defender, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Owó ìtanràn tó bá jẹ́ òótọ́, báńkì la ti ń san án, a ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Èyí tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kà sí àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kan, kì í ṣe ìtanràn.

Ẹ tún má gbàgbé ìwé adójútòfò. Èyí tó kéré jù lábẹ́ òfin, tó ń dáàbò bo ẹni tí ẹ bá kọlù, ₦3,000 ni wọ́n fi ti ọ̀kadà sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn ọlọ́pàá sì ti ń béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà láti oṣù Kejì ọdún 2025. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ gbígbé ẹrù fáwọn èèyàn lẹ fẹ́ máa ṣe gan-an, àjọ ìfìwéránṣẹ́ NIPOST ló ń fún ilé iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ.

Mi ò ní tàn yín. Bóxà 100 ní Bẹ́gà, ìrètí pé ẹ ó gbà á padà kéré. Àmọ́ kúlà ìyàwó yín kò sí nínú ohun tí òfin dè. Ẹ béèrè fún un lọ́tọ̀.

Ìyá Alákàrà Bàríga

Ẹ ṣeun, lọ́yà wa. Ẹ gbọ́ tèmi o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọlọ́kadà nìkan ni wọ́n ń mú.

Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń jáde lọ ra ẹ̀wà ní Máìlì 12. Lọ́jọ́ náà mi ò rí bọ́ọ̀sì, ọmọ kan tí mo mọ ìyá rẹ̀ ní kí n bọ́ sẹ́yìn òun. Mo bọ́ sí i. A ò tíì kúrò ní Bàríga dáadáa tí wọ́n fi yọ sí wa. Mo sọ kalẹ̀, mo gbé àpò mi, mo fẹ́ máa lọ ní tèmi. Ọ̀kan ní, "Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ? Ẹ ẹ̀ gbọ́ rédíò?" Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí di aago méjìlá, èmi ìyá àgbà, láàárín àwọn ọmọ tó tó ọmọ mi bí. Akàrà ọjọ́ yẹn, kò sí. Wọ́n fi mí sílẹ̀ nígbà tó yá, torí pé ọ̀gá wọn kan mọ̀ mí, ó ń ra akàrà lọ́wọ́ mi. Mi ò gbé owó kankan sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí kì í bá ṣe akàrà ni, èmi náà ni ǹ bá dúró níwájú adájọ́.

Nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, láti 2012 ni òfin Èkó ti ní kí ọ̀kadà má gbé aboyún, kó má gbé ẹni tó pọn ọmọ, kó má gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Mo ṣì ń rí yín lójoojúmọ́, orí ọmọ ń mì lẹ́yìn bí ìbẹ́pẹ. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Odò Thames

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, alùpùpù kékeré ni mo fi ń gbé oúnjẹ fún àwọn èèyàn lálẹ́. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó ń jọ mí lójú bó ṣe jọ ara wọn tó.

Níbí, ìwé CBT ni wọ́n fún mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan, ọdún méjì péré ló ń lò. Ó gbà mí láyè dé cc 125, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́dọ̀ lẹ L pupa, tó fi hàn pé mo ṣì ń kọ́ ọ, síwájú àti sẹ́yìn, mi ò gbọ́dọ̀ gbé ẹnikẹ́ni, mi ò sì gbọ́dọ̀ gun ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní motorway. Èyí tó ga jù ni ìwé adójútòfò. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ti lílọ síbi iṣẹ́ àti bíbọ̀ wálé ni. Ọjọ́ tí wọ́n dá mi dúró, páálí pizza méjì ló wà nínú báàgì mi, ọlọ́pàá ní ìwé mi ò bo ẹni tó ń gbé oúnjẹ gbowó. Pọ́n-ùn 300 àti pọ́ìntì 6 tí wọ́n máa ń kọ sí láísẹ́ńsì ẹni tó ṣẹ̀ ni ìjìyà ẹni tí kò ní adójútòfò tó yẹ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó yege ìdánwò láísẹ́ńsì, pọ́ìntì 6 yẹn á gbé láísẹ́ńsì rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ mi. Wọ́n ń pè mí ní sir bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n kúkú pariwo.

Ọmọ Àkúté

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ẹ kú ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Mo ṣèlérí pé màá padà wá sọ bó ṣe rí.

Mo dé kóòtù ní aago méje ààbọ̀. Mo mú rìsíìtì, mo mú aládùúgbò mi. Mo ní Yorùbá ni mo fẹ́, obìnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ sì rọra ka gbogbo ẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀sùn méjì ni, pé ti láísẹ́ńsì náà wà níbẹ̀. Ká ní mo kàn mi orí ni, ǹ bá ti gba èyí tí mi ò mọ̀ pé wọ́n fi kàn mí. Mo ṣàlàyé tèmi, mo san ìtanràn ní báńkì, mo gba ìwé rẹ̀. Bóxà lọ. Adájọ́ kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo wá rántí ọ̀rọ̀ yín, Lọ́yà, mo béèrè kúlà lọ́tọ̀. Ẹnì kan mú mi lọ sẹ́yìn ọgbà kan tí ọ̀kadà kún bí igi ìdáná. Kúlà wa wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìyàwó mi ṣì ń dán gbinrin lára rẹ̀. Mo ṣí i. Ewé mọ́ínmọ́ín nìkan ló kù, wọ́n ká wọn jọ dáadáa. Ìyàwó mi ní ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé e, ẹnì kan pe òun lórí fóònù, ó béèrè bóyá òun máa ń gbé ọjà wá sí ọ̀dọ̀ wọn. Òun rò pé oníbàárà tuntun ni.

Ní báyìí, dísípáàṣì ẹ̀gbọ́n yẹn la padà sí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé class A. Bàbá Mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí ọ̀kadà kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ajùwọ̀n, ó ní 200 ni, ó ti lo ọdún méjì. Kí ni kí n wò?

Bàbá Mẹkáníìkì Ìjú

Má wo nǹkan kan. Má san kọ́bọ̀. Ní kó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ Sátidé, kó mú pépà rẹ̀ dání, kí èmi fúnra mi tẹ̀ ba wò ó. Sọ fún ìyàwó rẹ kó fi mọ́ínmọ́ín mẹ́rin ránṣẹ́, ẹlẹ́yin.